Ẹ wo ìyá, ẹ wo bàbá, kẹ́ ẹ tó sanwó ọmọ ajá Labrador

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sin ajá tà la gbé dé lónìí, pẹ̀lú àwọn tó ń múra láti fi owó wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ajá òyìnbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Labrador. Ara rẹ̀ máa ń dán, ó fẹ́ràn ọmọdé, ó sì tètè máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ. Bẹ́ ẹ bá gbé ọmọ rẹ̀ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ síwájú oníbàárà, àfàìmọ̀ ni kò fi ní máa kówó jáde kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ tán. Gbogbo ọmọ Labrador ló rẹwà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà.

Ìdí ni pé àwọn àìsàn tó máa ń da irú ajá yìí láàmú jù kì í sábà hàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tà á. Ìbàdí tí kò dáa lè má hàn títí tí ajá náà á fi pé ọdún kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tó máa fọ́ lọ́la ṣì ń ríran kedere lónìí. Nígbà tí àléébù bá fi máa yọjú, owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó rà á, orúkọ sì ti fẹ́ẹ́ bàjẹ́ mọ́ ẹni tó tà á lọ́wọ́. Ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé kò ju ẹyọ kan lọ: nínú òwò Labrador, ìlera ìyá àti bàbá lẹ ń sanwó fún, kì í ṣe ẹwà ọmọ. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sì ti sanwó tán, oúnjẹ tẹ́ ẹ bá ń wọ̀n fún un ló kù tẹ́ ẹ lè fi dáàbò bo owó náà.

Iṣẹ́ omi tútù ni wọ́n ń fi baba ńlá rẹ̀ ṣe

Kì í ṣe ilẹ̀ gbígbóná ni Labrador ti ṣẹ̀. Erékùṣù Newfoundland, tó wà lórílẹ̀-èdè Kánádà báyìí, ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti bá àwọn apẹja ṣiṣẹ́. Àwọn ajá náà ló máa ń bẹ́ sínú omi tó tutù nini láti lọ gbé okùn àwọ̀n tàbí ẹja tó bá já bọ́ wá. Láàárín ọdún 1800 sí 1900 ni àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó irú ajá yìí dé ìlú wọn, wọ́n sì ń lò ó láti gbé ẹyẹ tí ọdẹ bá yìnbọn pa wá. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà, retriever, túmọ̀ sí nìyẹn: ajá tó ń lọ gbé nǹkan wá. Ọdún 1903 ni ẹgbẹ́ Kennel Club ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí irú ajá kan lọ́tọ̀, American Kennel Club sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1917. Nínú ìwé ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà yìí, Labrador ló wà nípò kìíní láti ọdún 1991 títí dé 2021, kí ajá French Bulldog tó gba ipò náà mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́dún 2022.

Akọ rẹ̀ máa ń wọn nǹkan bíi kílò 29 sí 36, abo sì máa ń wọn kílò 25 sí 32. Dúdú wà, aláwọ̀ ìyeyè wà, aláwọ̀ ṣokoléètì náà sì wà. Irun rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì: tòkè le, tìsàlẹ̀ rọ̀ bí òwú, kí òtútù omi má bàa wọ̀ ọ́ lára. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí púpọ̀ nínú ohun tó ń ṣe Labrador lónìí kò ṣàì bá ara tí wọ́n fi dá a tan: ara ńlá tó wúwo lórí oríkèé, etí tó rọ́ sílẹ̀ bo ihò rẹ̀, irun tó nípọn, àti ikùn tí kì í tètè yó. Ẹ má sì gbàgbé pé kì í ṣe ajá òǹrorò. Ẹni tó bá ń wá ajá tí yóò dẹ́rù ba olè ní ṣọ́ọ̀bù, kó wá òmíràn lọ. Ó ṣeé ṣe kí Labrador máa ju ìrù fún olè.

Ohun tí ìwé àwọn dókítà ẹranko sọ

Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí láti Royal Veterinary College nílùú London àti Yunifásítì Sydney ní Ọsirélíà gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn Labrador tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn ẹranko ni wọ́n ti ṣe é. Labrador 33,320 ló wà nínú ìwé náà lọ́dún 2013, wọ́n sì ṣa 2,074 nínú wọn láti yẹ ohun tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wò fínnífínní.

Ohun mẹ́ta ló léwájú. Àkọ́kọ́ ni etí dídùn, tó mú ìdá 10.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ajá náà láàárín ọdún kan. Ìkejì ni sísanra jù, ìdá 8.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìkẹta ni àìsàn oríkèé, ìdá 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí èyí tó jẹ́ àrùn abàmì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Etí, ikùn àti oríkèé ni, ohun tí olówó ajá lè fojú rí, tó sì lè fọwọ́ kàn. Ní ti ọjọ́ orí, ìdajì nínú àwọn tó kú lò tó ọdún 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó kú.

Ibì kan wà nínú ìwádìí yìí tó kan oníṣòwò gbọ̀ngbọ̀n, ìyẹn ọ̀rọ̀ àwọ̀. Àwọn aláwọ̀ ṣokoléètì kì í pẹ́ láyé tó àwọn yòókù: ìdajì wọn ti kú kí wọ́n tó pé ọdún 10.7, nígbà tí tàwọn yòókù jẹ́ ọdún 12.1. Nínú ọgọ́rùn-ún ajá aláwọ̀ ṣokoléètì, bíi 23 ló ní etí dídùn. Nínú aláwọ̀ ìyeyè, 17. Nínú dúdú, bíi 13. Àwọn olùwádìí náà kò sọ pé àwọ̀ yìí ló ń pa ajá. Àlàyé wọn ni pé kí ọmọ tó lè jẹ́ aláwọ̀ ṣokoléètì, ìyá àti bàbá gbọ́dọ̀ jọ ní àwọ̀ náà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Torí náà, ẹni tó bá ń wá àwọ̀ yìí lójú méjèèjì, inú agbo kékeré ni yóò ti máa mú akọ àti abo, ó sì ṣeé ṣe kí àléébù mìíràn tẹ̀ lé àwọ̀ náà wọlé. Bí oníbàárà bá ń béèrè ṣokoléètì nìkan, tẹ́ ẹ sì ń gun ẹ̀gbọ́n mọ́ àbúrò láti lè rí i tà, gbèsè lẹ ń jẹ sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú.

Ìbàdí àti ìgbọ̀nwọ́

Egungun itan ajá ní orí roboto bíi bọ́ọ̀lù kékeré, inú ihò kan lára egungun ìbàdí ló sì yẹ kó jókòó sí rẹ́gí. Nínú ajá tó ní àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní hip dysplasia, ihò yìí kò jìn tó, orí egungun náà á sì máa mì nínú rẹ̀. Bí ajá náà bá ṣe ń rìn, bẹ́ẹ̀ ni egungun á máa ha egungun, nígbà tó bá yá, á di làkúrègbé. Irú rẹ̀ tún wà ní ìgbọ̀nwọ́ ẹsẹ̀ iwájú, òun ló sì sábà máa ń fa kí ọmọ Labrador tí kò tíì pé ọdún kan máa tiro.

Àmì tẹ́ ẹ máa rí kò ṣòro. Ajá náà á máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fò pa pọ̀ bí ehoro tó bá ń sáré. Láàárọ̀, á pẹ́ kó tó dìde. Á máa sá fún àtẹ̀gùn. Ìbàdí rẹ̀ á máa jù sọ́tùn-ún sósì ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n dájú ni X-ray. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ajá gbọ́dọ̀ pé oṣù 12 kí wọ́n tó yà á, kí àwọn amòye tó fún un ní máàkì. Ìbàdí kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 53, àpapọ̀ méjèèjì sì jẹ́ 106. Kì í ṣe bíi ti ilé ìwé o: bí máàkì bá ṣe kéré tó ni ìbàdí ṣe dáa tó. Ti ìgbọ̀nwọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó parí sí 3, 0 ló sì dáa jù. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ OFA tó ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí kì í fún ajá ní èsì àṣekágbá àfi tó bá pé oṣù 24. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé abo ajá tí wọ́n bá ti gùn ní oṣù mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó mọ irú ìbàdí tó ní. Orí ire ni wọ́n ń ta yẹn, kì í ṣe ajá.

Lóòótọ́, àjogúnbá ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìtọ́jú náà ní ipa tirẹ̀. Àwọn olùwádìí kan lórílẹ̀-èdè Norway tọ àwọn irú ajá ńlá mẹ́rin lẹ́yìn láti kékeré, Labrador wà nínú wọn. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ ajá tó ń gun àtẹ̀gùn kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta ní àìsàn ìbàdí ju àwọn tí kò gùn ún lọ, àwọn tí wọ́n sì jẹ́ kó máa sáré fúnra wọn lórí ilẹ̀ rírọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Nítorí náà, ẹ má tọ́ ọmọ ajá sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má sì jẹ́ kí ilẹ̀ tó ń yọ̀ jẹ́ ibi tí á ti kọ́ ìrìn. Ẹ ṣọ́ra fún kásíọ́mù pẹ̀lú. Bí ẹ bá ti ń fún ọmọ ajá ńlá ní oúnjẹ inú àpò tí wọ́n pèsè fún irú rẹ̀, kásíọ́mù tó tó ti wà nínú rẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá tún bù lé e lè ba egungun rẹ̀ jẹ́ dípò kó mú un le.

Ajá tí kì í tètè yó

Gbogbo ẹni tó bá ti sin Labrador rí ló mọ̀ pé kò sí ohun tí kò lè jẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀kánjúwà ni, àfìgbà tí Dókítà Eleanor Raffan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge gbé ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2016. Wọ́n rí i pé nínú Labrador mẹ́rin, bíi ọ̀kan ló ní ìdíkù kékeré kan nínú àbùdá tí wọ́n ń pè ní POMC, èyí tó yẹ kó máa sọ fún ọpọlọ pé ó ti tó. Ajá tó bá jogún ìdíkù yìí láti ọ̀dọ̀ òbí kan máa ń fi bíi kílò méjì wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú àwọn Labrador tí wọ́n ń kọ́ láti máa ran àwọn aláàbọ̀ ara lọ́wọ́, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ní in, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìfẹ́ oúnjẹ ló jẹ́ kí wọ́n rọrùn láti kọ́. Lọ́dún 2024, àwọn olùwádìí náà tún fi hàn pé àwọn ajá tó ní ìdíkù yìí kì í lo agbára oúnjẹ tó ẹgbẹ́ wọn bí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́. Ebi ń pa wọ́n jù, wọn kì í sì í ná ohun tí wọ́n jẹ tán.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Lọ́dún 2002, wọ́n tẹ èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà, èyí tí ilé-iṣẹ́ Purina ṣe. Labrador 48 ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì pín wọn ní méjì méjì, ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀kan ń jẹ oúnjẹ tirẹ̀, èkejì ń gba ìdá mẹ́ta péré nínú mẹ́rin ohun tí ìkejì rẹ̀ bá jẹ. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú. Àwọn tó ń jẹun púpọ̀, ìdajì wọn kò kọjá ọdún 11.2. Àwọn tí wọ́n ń wọ̀n oúnjẹ fún, ìdajì wọn dé ọdún 13. Ọ̀rọ̀ làkúrègbé tiẹ̀ tún yani lẹ́nu jù: àwọn tó ń jẹun púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìtọ́jú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 10.3, àwọn ìkejì wọn di ọdún 13.3.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú oníṣòwò wò ó. Nínú àpò oúnjẹ mẹ́rin, ọ̀kan ṣẹ́ kù. Owó oúnjẹ dín kù, owó dókítà dín kù, ajá sì fi bí ọdún méjì pẹ́ sí i láyé. A ò ní kẹ́ ẹ fi ebi pa ajá o. Ohun tá a ń wí ni pé kẹ́ ẹ yé fi ojú díwọ̀n oúnjẹ. Ẹ mú agolo kan ṣoṣo, ẹ fi máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì, láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ yín ṣe òṣùwọ̀n: bẹ́ ẹ bá fọwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ ajá náà, ó yẹ kẹ́ ẹ lè ka egungun ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dúró lókè tẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ rí ibi tí ìbàdí ti fún wọlé. Bó bá ti gún régé láti orí dé ìrù bí àga timutimu, oúnjẹ ti pọ̀ jù. Ìyókù ẹ̀bà àti ìrẹsì tí àwọn ọmọ ilé ń jù sílẹ̀ fún un, ẹ kà á mọ́ oúnjẹ. Egungun adìyẹ sísè àti ohun tí wọ́n fi àlùbọ́sà sè, ẹ má jẹ́ kó kàn án.

Pínpín oúnjẹ sí ẹ̀ẹ̀mejì tún ní àǹfààní mìíràn. Ajá ńlá tó bá jẹun rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà lè ní inú wíwú tí ikùn fi máa ń yí po. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ikùn Labrador yín le tó sì ń wú, tó ń gbìyànjú láti bì tí nǹkan kan ò jáde, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Wákàtí díẹ̀ ló wà láàárín ìyè àti ikú níbẹ̀.

Etí tó rọ́ sílẹ̀

Nítorí pé etí Labrador bo ihò rẹ̀, ooru àti omi kì í tètè jáde níbẹ̀, kòkòrò àìfojúrí sì fẹ́ràn ibi tó bá gbóná tó sì tutù rinrin. Ajá á máa gbọn orí, á máa fi ẹsẹ̀ yún etí, òórùn á máa jáde, inú etí á sì pupa. Ẹ nu etí rẹ̀ gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀ gbogbo. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ṣí i wò, kẹ́ ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ẹ má da àdí tàbí sípíríìtì sí i, ẹ má sì ti igi òwú wọ inú lọ, nítorí dókítà nìkan ló lè sọ bóyá awọ inú etí ti lu. Bí etí bá sì ń dùn ún lemọ́lemọ́, ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ kò gba oúnjẹ kan tàbí ohun kan ní àyíká rẹ̀. Oògùn etí nìkan kò ní wo ìyẹn sàn.

Àléébù tó ń fara pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀

Méjì pàtàkì ló wà níbí. Àkọ́kọ́ ni ìfọ́jú tí wọ́n ń pè ní PRA. Ajá náà á kọ́kọ́ máa kọsẹ̀ lálẹ́, nígbà tó bá yá kò ní ríran lọ́sàn-án pẹ̀lú, kò sì sóògùn rẹ̀. Ìkejì ni EIC. Ajá tó ní in á máa sáré, inú rẹ̀ á dùn, àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí ogún, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á rọ, á sì ṣubú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbádùn padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn kan sì ti bá a kú. Ọdún 2008 ni àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kánádà sọ ibi tó wà nínú DNA, láti ìgbà náà ló sì ti ní àyẹ̀wò.

Bí méjèèjì ṣe ń wọlé nìyí. Ajá gbọ́dọ̀ jogún àléébù náà lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá kó tó lè ṣe é. Èyí tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo, ara rẹ̀ á le koko, ṣùgbọ́n ó lè fi ran ọmọ. Bí akọ àti abo tó dà bẹ́ẹ̀ bá pàdé, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin pé àìsàn náà á ṣe é. Bí ọ̀kan nínú wọn bá mọ́ pátápátá, kò sí ọmọ kan tí àìsàn náà á ṣe. Nítorí náà, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé abo yín gbé e sára, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ jù ú nù. Akọ tó mọ́ ni kẹ́ ẹ wá fún un. Àyẹ̀wò kì í ba òwò jẹ́, òun ló ń sọ ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ fi mọ́ ẹni.

Ooru àti àrùn ilẹ̀ wa

Ajá tí wọ́n dá fún omi tútù ní láti rí ibòji àti omi mímu ní gbogbo ìgbà nílẹ̀ wa. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ mú un jáde, ẹ má tì í mọ́ inú mọ́tò, ẹ má sì fi páànù kan ṣoṣo bo ilé rẹ̀. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ tí kò dáwọ́ dúró, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ẹ kọ́kọ́ da omi sí i lára, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Eégbọn ò mọ ajá olówó ńlá yàtọ̀. Ó ń gbé àrùn tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ wọ ara wọn, torí náà ẹ máa wo abẹ́ etí àti àárín ọmọ ìka wọn. Ní ti ọmọ ajá, parvo ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù, ìyẹn àrùn tó ń mú kí wọ́n máa bì, kí wọ́n sì máa ṣu ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á sì máa tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin síra wọn títí di ọ̀sẹ̀ 16. Ìyẹn ni pé ọmọ ajá tẹ́ ẹ bá tà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò tíì gba abẹ́rẹ́ tán. Ẹ fún oníbàárà ní káàdì rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tó kàn fún un. Ẹ má gbàgbé abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, torí èèyàn ni ìyẹn ń pa. Ẹ má sì fún ajá ní oògùn ara ríro tí èèyàn ń lò, pàápàá ibuprofen. Ó lè pa á.

Ìṣirò owó rẹ̀

Àwọn kan á ní àyẹ̀wò ti wọ́n jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní gbogbo àyẹ̀wò abo ajá yín, X-ray, ojú àti DNA, gba iye tẹ́ ẹ fi ń ta ọmọ ajá méjì. Ká ní ó bímọ lẹ́ẹ̀mẹta, tó ń bí méje méje. Ọmọ 21 nìyẹn. Owó méjì nínú 21 lẹ ná, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bẹ́ ẹ kò bá ṣe é, tí oníbàárà mẹ́ta péré bá mú ajá tó ń tiro padà wá, ẹ ti pàdánù ju owó àyẹ̀wò lọ, a ò sì tíì ka àwọn tí oníbàárà mẹ́ta náà máa sọ fún. Bẹ́ ẹ bá sì ní ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́, ẹ lè fi lé owó ọjà yín, kí oníbàárà sì rí ìdí rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ béèrè nǹkan márùn-ún. Ẹ ní kẹ́ ẹ rí ìyá ọmọ ajá náà lójúkojú, kẹ́ ẹ sì wo bó ṣe ń rìn. Ẹ béèrè ọjọ́ orí ìyá àti bàbá. Ẹ béèrè ìwé X-ray wọn àti èsì àyẹ̀wò DNA. Ẹ wo káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ ajá náà, kẹ́ ẹ rí òǹtẹ̀ dókítà ẹranko tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria. Paríparí rẹ̀, ẹ kọ ìwé àdéhùn: ta ni yóò san kí ni bí àìsàn àjogúnbá bá yọjú? Bí ẹni tó ń tà bá ní òun ò ní ìwé kankan, kì í ṣe dandan kó jẹ́ oníjìbìtì, ṣùgbọ́n ẹ má san owó ajá oníwèé fún un. Àwọn tó ń gbé nítòsí Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta lè lọ béèrè ohun tó lè ṣeé ṣe nílé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB.

Àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwò ajá tí a fi ẹwà ọmọ ọlọ́sẹ̀ mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ìyá, ẹ wo bàbá, ẹ wọ̀n oúnjẹ. Ire o.